Kẹ̀kẹ́ oníná àti skútà ní Lọ́ńdọ̀nù: èwo ni òfin gbà, níbo sì ni a ti lè ṣáàjì bátìrì rẹ̀ láìséwu?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Oṣù mẹ́rin ni mo ti dé Ìlú Ọba, inú fúláàtì kan ní àjà kẹrin ni èmi àti àwọn méjì mìíràn jọ ń gbé ní Peckham. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan lápá Charlton máa ń parí ní aago méjì òru, bọ́ọ̀sì òru sì máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ìdí nìyí tí mo fi ra kẹ̀kẹ́ oníná kan ní £380 lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó polówó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1000, pé ó ń sáré tó máìlì 30 ní wákàtí kan, pé n kò ní láti fi ẹsẹ̀ wà á rárá nítorí pé ọwọ́ ni a ń yí bíi ti ọ̀kadà, àti pé kò sí ìwé kankan tí ọlọ́pàá lè béèrè lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, mo rí i tí àwọn ọlọ́pàá dá ọkùnrin kan dúró lórí Rye Lane, tí wọ́n sì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ wọn. Kẹ̀kẹ́ náà jọ tèmi bí ìbejì. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbé tèmi jáde mọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òfin gbà á, ohun tí mo lè ṣe bí òfin kò bá gbà á, àti ibi tí ó yẹ kí n ti máa ṣáàjì rẹ̀, nítorí ẹnu ọ̀nà fúláàtì wa, ní kọ́ríídọ̀, ni mo ń fi sí báyìí. Mo dúpẹ́ ṣáájú.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Woolwich:

Àbúrò mi, o káre tí o kọ́kọ́ dá a dúró. Iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo fi ń jẹun, irú èyí tí o rà yìí sì pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi.

Òfin kò wo orúkọ tí ẹni tí ó tà á fún ọ pè é. Ohun mẹ́ta ni ó ń wò. Kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní pẹ́dà tí a lè fi ẹsẹ̀ wà, agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 lọ, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ ìrànlọ́wọ́ nígbà tí ìyára bá dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe kìlómítà 25. Bí ó bá jẹ́ agbára ẹsẹ̀ rẹ ni ó mú ọ sáré ju ìyẹn lọ, tàbí pé o ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ni kò gbọdọ̀ tì ọ́ kọjá ààlà náà. Kẹ̀kẹ́ tí ó bá pé ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ̀kẹ́ lásán ni lójú òfin: ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 14 lè gùn ún láìní ìwé-àṣẹ ìwakọ̀, láìní nọ́ńbà, láìsan owó orí ọkọ̀, láìní ìnṣọ́ránsì.

Ní ti ọwọ́ tí a ń yí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Láti ọdún 2016, kẹ̀kẹ́ tuntun tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lè dá gbé ènìyàn lọ láìfi ẹsẹ̀ wà á, kọjá kìlómítà 6 ní wákàtí kan, gbọ́dọ̀ ti gba àyẹ̀wò àti ìfọwọ́sí pàtàkì kí ó tó lè rìn lójú títì gẹ́gẹ́ bí kẹ̀kẹ́. Èyí tí o rà kò ní irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀. N kò tíì rí ọ̀kan tí ó ní in nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní iye yẹn. Lójú òfin, ọ̀kadà ni ohun tí o rà. Ọ̀kadà sì gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà, ìnṣọ́ránsì, ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ tí ó bá a mu, àti àṣíborí ọlọ́kadà lórí ẹni tí ó gùn ún.

Bí o bá fẹ́ ra òmíràn, wo ara rẹ̀ dáadáa kí o tó sanwó. Àkọlé gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ tí ó sọ iye agbára ẹ̀rọ náà tàbí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà, àti èkejì tí ó sọ iye fólítì bátìrì tàbí ìyára tí ó ga jù lọ. Èyí tí kò bá ní àkọlé kankan, fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Bàbá Táíwò, Dagenham:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa kún un, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ̀ pé ohun tí wọ́n lè pàdánù ju kẹ̀kẹ́ lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra skútà oníná, irú èyí tí a ń dúró lé lórí, ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n kó o sínú páálí dáadáa, wọ́n fún un ní rìsíìtì. Ó rò pé ohun tí ṣọ́ọ̀bù ń tà ní gbangba kò lè jẹ́ èèwọ̀. Òtítọ́ ni pé títà rẹ̀ kò lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n gígùn skútà tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà lójú títì, ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ní ọ̀nà àwọn oníkẹ̀kẹ́ lòdì sí òfin pátápátá. Orí ilẹ̀ oníǹkan nìkan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni tí ó ni ilẹ̀, ni a ti lè gùn ún. Ìdí ni pé òfin ka skútà sí ọkọ̀ tí ń lo ẹ̀rọ, kò sì sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tí yóò gba skútà ẹni láti rìn lójú títì báyìí.

Ọlọ́pàá dá a dúró. Ìtanràn àìní ìnṣọ́ránsì jẹ́ £300 àti pọ́ìntì mẹ́fà, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀, lórí ìwé-àṣẹ ìwakọ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan tí ó yege ìdánwò mọ́tò, òfin sì ni pé ẹni tí ó bá gba pọ́ìntì mẹ́fà láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ yóò pàdánù ìwé-àṣẹ rẹ̀. Bí skútà ṣe gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní láti padà sí ipò akẹ́kọ̀ọ́, kí ó tún ìdánwò méjèèjì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé skútà náà lọ pẹ̀lú, nítorí Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó ti ọdún 1988, ní abala 165A, fún ọlọ́pàá láṣẹ láti gba ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì.

Àbúrò wa ní Peckham, ìjìyà kan náà ni ó wà fún kẹ̀kẹ́ wáàtì 1000 yẹn. Kódà bí o kò bá tíì ní ìwé-àṣẹ ilẹ̀ yìí, wọ́n lè kọ pọ́ìntì náà sílẹ̀ dè ọ́ títí di ọjọ́ tí o bá gbà á.

Kò-sí-wàhálà:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ẹ ń dẹ́rù ba ọmọkùnrin yìí jù. Ọdún méjì ni mo fi gun irú rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà, òru ni mo sì máa ń jáde. Bákan náà, àwọn kan ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dín ìyára kù. Kí ó tẹ̀ ẹ́ sí 15.5 nígbà tí ó bá rí ọlọ́pàá, ó parí.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Woolwich:

Kò-sí-wàhálà, mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí ìmọ̀ràn yìí kọjá láìdáhùn sí i. Bọ́tìnnì kò yí ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́ padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún wáàtì 1000 yóò máa jẹ́ wáàtì 1000 bí a tilẹ̀ rọra gùn ún, ọlọ́pàá sì lè gbé táyà ẹ̀yìn sókè kí wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá yóò dá yí. Bí o bá sì kọlu ènìyàn lójú ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn lóru, ìwọ tí o kò ní ìnṣọ́ránsì ni yóò ru ẹrù náà. Ìyẹn ni mo rò jù, ju ti ọlọ́pàá lọ.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn tí wọn kò fẹ́ pàdánù owó wọn pátápátá ni pé mo ń tú ẹ̀rọ àti bátìrì kúrò, mo sì ń fi táyà lásán rọ́pò ti ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni yóò kù, kò sì sí òfin kankan tí yóò ká a mọ́. Má ṣe tà á fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí kẹ̀kẹ́ ojú títì, nítorí wàhálà tí o sá fún ni o fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹlòmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Elephant:

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé skútà tí ilé-iṣẹ́ fi ń háyà wà lábẹ́ èèwọ̀ náà? Mo ń rí wọn lẹ́bàá títì, ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà ni mo sì ní.

Bàbá Táíwò, Dagenham:

Ọmọ mi, ìyẹn yàtọ̀. Oṣù Keje ọdún 2020 ni ìjọba ti fàyè gba ìdánwò skútà àyálò ní àwọn ìlú kan, ti Lọ́ńdọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ní àwọn àgbègbè tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn bá gbà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni skútà ni ó ń pèsè ìnṣọ́ránsì. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé-àṣẹ ìwakọ̀. Èyí tí a gbà ní òkèèrè, bíi ti Nàìjíríà, ṣeé lò bí ó bá jẹ́ ojúlówó ìwé-àṣẹ tí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, bí kò bá sì tíì ju oṣù 12 lọ tí o wọ ilẹ̀ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ti ilẹ̀ yìí ni o gbọ́dọ̀ ní, ti akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá tó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún 18 sókè nìkan ni wọ́n ń yá a fún, kò sì lè sáré ju máìlì 12.5 lọ ní wákàtí kan.

Ènìyàn kan ṣoṣo ni ó gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀. Má ṣe fi orúkọ rẹ yá a fún ọ̀rẹ́. Má ṣe di fóònù mú lórí rẹ̀, nítorí ìtanràn tí ó wà fún awakọ̀ mọ́tò, £200 àti pọ́ìntì mẹ́fà, ni ó wà fún ìwọ náà.

Màmá Ìbejì, Thamesmead:

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ títì, ṣùgbọ́n ohun tí ó ká mi lára jù ni gbólóhùn kan tí ọmọ yìí sọ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, pé ẹnu ọ̀nà ní kọ́ríídọ̀ ni ó ti ń ṣáàjì bátìrì. Ọmọ mi, lónìí olónìí, kí o tó sùn, gbé e kúrò níbẹ̀.

Ní ọdún kan sẹ́yìn, aládùúgbò wa ní àjà kejì ń ṣáàjì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ibi kan náà. Aago mẹ́ta òru ni a gbọ́ ìró kan bíi ti ìbọn, èéfín sì ti kún kọ́ríídọ̀ kí a tó dé ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe irú èéfín igi. Ó nípọn, ó ní òórùn kẹ́míkà, ó sì ń ta ènìyàn lọ́fun. Èmi àti àwọn ìbejì mi wà ní bálíkónì pẹ̀lú aṣọ òru lára wa títí àwọn panápaná fi dé. Kò sí ẹni tí ó kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ṣì máa ń jí lóru láti béèrè bóyá iná ń jó.

Lẹ́yìn náà ni mo tó lóye ìdí tí iná yìí fi burú tó bẹ́ẹ̀. Bátìrì kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ bátìrì kéékèèké oní-lítíọ́ọ̀mù ni wọ́n tò pọ̀ sínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ tí ó sì gbóná jù, ooru rẹ̀ yóò ran èkejì, èkejì yóò ran ẹ̀kẹta, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A lè rò pé ó ti kú kí ó tún jí padà. Ní ọdún 2023 nìkan, iléeṣẹ́ panápaná Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ibi iná kẹ̀kẹ́ oníná 143 àti ti skútà 36, ènìyàn mẹ́ta sì pàdánù ẹ̀mí wọn nínú irú iná bẹ́ẹ̀.

Kọ́ríídọ̀ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé lè gbà sá jáde. Bí iná bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo yín. Inú yàrá tí ẹ lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí kò sí ní ojú ọ̀nà àbájáde, tí ẹ̀rọ tí ń kígbe bí èéfín bá ti jáde sì wà níbẹ̀, ni kí ẹ fi sí, kí ó sì jẹ́ nígbà tí ẹnì kan wà lójúfò nínú ilé. Ẹ má ṣe ṣáàjì rẹ̀ lóru nígbà tí ẹ bá ń sùn. Ẹ má ṣe fi aṣọ tàbí ìrọ̀rí bò ó. Bí ó bá gbiná, ẹ má gbìyànjú láti gbé e jù síta fèrèsé. Ẹ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe 999. Iléeṣẹ́ panápaná lè bẹ ilé wò lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá béèrè. Wọ́n wá sí tiwa, wọn kò sì gba kọ́bọ̀.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Woolwich:

Màmá, ẹ kú ìpọ́njú, ẹ kú orí ire. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ṣájà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iná yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn wa sì fẹ́ràn láti yá ṣájà ara wọn.

Bátìrì tí wọ́n kọ fólítì 36 sí lára, ṣájà tí ó ń gbé fólítì 42 jáde ni tirẹ̀, nítorí bátìrì mẹ́wàá ni ó tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń kún ní fólítì 4.2. Ti fólítì 48 tí ó ní mẹ́tàlá ń lo ṣájà fólítì 54.6. Orí ṣájà méjèèjì lè bá ihò kan náà mu. Bí o bá fi ti 54.6 ṣáàjì bátìrì 36, ò ń rọ omi sínú kèrègbè tí ó ti kún, inú bátìrì olówó pọ́ọ́kú sì lè máà ní ẹ̀ṣọ́ tí yóò dá a dúró. Nítorí náà, ka nọ́ńbà tí ó wà lára ṣájà, má ṣe wo orí rẹ̀ nìkan, má sì yá ti ẹnìkejì rẹ.

Bátìrì tí ó bá wú, tí ó ń jò, tí ó ń rùn, tí ó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tí ó ti ṣubú lulẹ̀ gan-an, ìlò rẹ̀ ti parí. Má ṣe jù ú sínú ìdọ̀tí ilé. Pe ilé àtúnlò ti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ kí o tó gbé e lọ, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Bí o bá ti ibi òtútù dé ní oṣù Kìíní, jẹ́ kí bátìrì náà lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ nínú ilé kí o tó fi iná sí i, nítorí ṣíṣáàjì rẹ̀ nígbà tí ó ti tutù bíi yìnyín máa ń ba inú rẹ̀ jẹ́.

Awakọ̀ Reluwé:

Ẹ má gbàgbé ti ọkọ̀ ojú irin. Láti ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni TfL, àjọ tí ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù, ti fòfin de skútà oníná pátápátá, ìbáà ṣeé ká pọ̀ tàbí kí ó máà ṣeé ká pọ̀, lẹ́yìn tí ọ̀kan gbiná nínú ọkọ̀ ní Parsons Green ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, kẹ̀kẹ́ oníná kan jóná ní ibùdó Rayners Lane; láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún náà, kẹ̀kẹ́ oníná tí kì í ká kò gbọdọ̀ wọ Tube, Overground, Elizabeth line tàbí DLR mọ́. Èyí tí ó ń ká láti ilé-iṣẹ́ ṣì lè wọlé. Kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara kò sí nínú èèwọ̀ yìí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Lewisham:

Mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dára púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ibi tí èmi dúró sí, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń gbé wọn wá nígbà tí gbogbo ìmọ̀ràn bá ti kọjá.

Òfin kò fi dandan mú àṣíborí fún kẹ̀kẹ́ oníná wáàtì 250 tàbí skútà àyálò. Èmi fi dandan mú un fún ọmọ mi. Táyà skútà kéré, ihò kékeré tí kẹ̀kẹ́ yóò kọjá lórí rẹ̀ lè gbé ẹlẹ́skútà ṣubú, orí ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Emily Hartridge, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ lórí YouTube, kú ní Battersea ní oṣù Keje ọdún 2019 lórí skútà rẹ̀. Ìwádìí lórí ikú rẹ̀ fi hàn pé afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kò tó, àti pé ìyára rẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. Ẹ fọwọ́ tẹ táyà yín wò kí ẹ tó jáde, kò gba ìṣẹ́jú kan.

Àwa tí a ti Nàìjíríà wá, ọwọ́ ọ̀tún ni ojú wa ti mọ́ láti ìgbà tí ilẹ̀ wa ti yí padà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń tọ̀ níhìn-ín, nígbà tí ó bá sì rẹ ènìyàn ní aago méjì òru ni ọkàn máa ń padà sílé láìmọ̀. Ní oríta, dúró kí o wo ọwọ́ ọ̀tún kọ́kọ́. Má ṣe yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ó dúró ní iná títì, kódà bí àyè bá wà, nítorí awakọ̀ rẹ̀ kò lè rí ọ níbẹ̀, bí ó bá sì yí sí òsì, abẹ́ rẹ̀ ni o wà. Bí o bá ń kọjá lára mọ́tò tí wọ́n páàkì, fi mítà kan sílẹ̀, kí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ṣàdédé ṣí má bàa gbá ọ lulẹ̀.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe tiwa. Òfin ọdún 1835 ni ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ £50. Iye kan náà ni ti ẹni tí ó bá kọjá iná pupa. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, iná funfun gbọ́dọ̀ wà níwájú, iná pupa lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká agbádá àti ìró sínú báàgì kí ẹ wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Mo ti rí ìró tí táyà ẹ̀yìn fà mọ́ra pẹ̀lú ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ àgbàlagbà bí a ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní títì lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ti ọmọdé nìkan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham:

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀. Màmá Ìbejì, alẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé ni mo gbé e kúrò ní kọ́ríídọ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn ní skútà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀, a jọ ka nọ́ńbà ṣájà rẹ̀, fólítì 54.6 ni, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 36. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ ni ó ti yá a. Ó ti dá a padà, ó sì ti ṣàlàyé fún ẹni náà.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi lọ bá Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní Sátidé, wọ́n tú ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò ní ojú mi. Bátìrì náà ti wú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tí n kò ṣàkíyèsí tẹ́lẹ̀. Mo pe ilé àtúnlò, wọ́n fún mi ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè láti gbé e wá, ìta gbangba níbi tí kò sí ohun kankan nítòsí ni ó wà títí di ìgbà náà. Ẹni tí ó tà á fún mi kò gbé ìpè mi mọ́. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń wa kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Charlton báyìí. Ìṣẹ́jú ogójì ni ó ń gbà mí.